Irúgbìn Tí A Fi Ṣínu

Mo jẹ irúgbìn ilé bàbá mi. Mi ò pa òwe, mi ò sì ṣàwàdà. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, mo sẹ́ ẹ, mo fi po ògì, èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa sì fi ṣínu fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú oṣù ààwẹ̀. Mo tilẹ̀ ń yin ògì náà pé ó kúnná, pé kò kan jù. Mi ò tíì mọ ohun tí mò ń mu nígbà náà.

Ìrolú ni ilé bàbá mi. Ṣàgámù ni mo lọ́kọ sí, sí ilé àwọn tó ń ta obì, èmi náà sì ti di ọlọ́bì láàárín wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti jókòó ti apẹ̀rẹ̀ gbànja, mò ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò lára èyí tó dára. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìdọ̀tí, mi ò sì lè rí nǹkan tó wà nílẹ̀ láìnídìí kí n má gbé e. Ìwà yẹn ló kó bá mi.

Ní ilé wa, a kì í ṣàdédé gbin nǹkan. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ooru ń mú ènìyàn bíi kó bọ́ awọ ara rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé á máa wo ojú ọ̀run. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rin ilẹ̀ dáadáa, òun là ń pè ní àkọ́rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ hóró àgbàdo kan sílẹ̀ títí ìyálé ilé á fi ṣí ọdún. Ìdájí ọjọ́ kejì ló máa ń ṣe é. Á bọ́ bàtà, á fi omi òjò tí wọ́n fi báàfù gbà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bọ́jú fún gbogbo ọmọdé ilé, á wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró kan. Á fi gìgísẹ̀ lu ihò sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ á ju hóró sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó. Á wá ké pé, "Ilẹ̀ ti mu omi o!" Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Kó mu, kó yó, kó bí!" Ó tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni oníkálùkù á gbé ọkọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ilé wa ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é. Ìyá mi, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, máa ń sọ pé òjò kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni kó tó rọ̀.

Hóró yẹn kì í ṣe hóró ọjà. Nínú èyí tí a bá ká lọ́dún yìí la ti ń yọ tọdún tó ń bọ̀ pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ á bu ẹ̀kúnwọ́ kan dání. Ìyàwó tó bá wọlé náà á fi ẹ̀kúnwọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyá tó bí i. Ebi máa ń pani nígbà náà, pàápàá kí òjò tó dé, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í wo ọ̀kánkán ibi tí irúgbìn wà. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ irúgbìn, ọ̀la àwọn ọmọ ló jẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́ pé ó jẹ ẹ́ rí. Ìyàwó kejì bàbá mi ni, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Kékeré. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà. Wọ́n bá igbá irúgbìn lófìfo, ìyá mi sọ pé Ìyá Kékeré ló sè é, bàbá mi sì lé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an, tòun ti ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ìyá mi ló wá fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn ìbátan wa lábúlé kan, tó tọrọ irúgbìn kan náà lọ́wọ́ wọn, tó gbé e wálé. Gbogbo ilé ló ń fi ìyẹn yìn ín títí dòní, pé òun ni kò jẹ́ kí okùn já. Bàbá mi ti kú, àwọn àgbà ìgbà náà ti kú, ìyá mi sì ni ìyálé ilé láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ara rẹ̀ kò yá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, èéfín igi sì ń mú un wúkọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lù lẹ́yìn. Mo ra sítóòfù gáàsì fún un, mo sì wá tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe fúnra mi. Mo wó ààrò àtijọ́, eérú gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé òkè ààrò ni irúgbìn máa ń wà, mo sì fi ọ̀wọ̀ sọ ìdì àgbàdo tó so rọ̀ níbẹ̀ kalẹ̀, mo fi aṣọ mímọ́ wé e, mo tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Lẹ́yìn ààrò mo rí ike ọ̀dà kan, àgbàdo híhó wà nínú rẹ̀, eérú bò ó lójú. Mo ní eérú ààrò tí mo wó ló dà sí i. Mo ní kí oúnjẹ má ṣòfò. Ìyá mi ń sùn, mi ò jí i láti bi í. Mo gbé ike lé orí ẹrù mi, ó di Ṣàgámù. Wọ́n ní kí n kín ìyá mi lẹ́yìn, mo fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyàwó àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Òun àti àbúrò mi ló ń gbé pẹ̀lú ìyá wa ní Ìrolú.

"Àǹtí mi, òjò ti rọ̀ o. Ó rọ̀ dáadáa. Mọ́mì ní kí ẹ máa bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, pé tọdún yìí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀yìn yín."

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi ti sọ fún wa pé èyí ló kẹ́yìn lọ́wọ́ òun. Ìyàwó àbúrò mi yìí ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, níṣojú gbogbo ilé, kí òun tó kú. Obìnrin náà ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo kó obì mi wọlé, mo wọ takisí dé Ìkẹ́nnẹ́, mo gun ọ̀kadà wọ Ìrolú. Òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi gba gbogbo ọ̀nà, inú mi ń dùn.

Mo bá ìyá mi lórí àga níwájú ilé, ó ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ de ìdájí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì yọ ìdì tí mo wé sínú aṣọ mímọ́.

"Màámi, irúgbìn nìyí. Mo ti bá yín tọ́jú ẹ̀."

Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyẹ̀fun lásán ló ń dà jáde.

"Èyí? Kòkòrò ti jẹ èyí tán láti èṣí. Mi ò kàn sọ̀ ọ́ ni. Lọ bá mi gbé ike ọ̀dà kan lẹ́yìn ààrò, èyí tí mo bu eérú sí. Eérú yẹn ni kò jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n orí mi kọ̀ láti gbé e. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rí abọ́ ògì lójú mi, mò ń rí ọkọ mi tó ń nu ẹnu, tó ní kí n tún bu sí i.

"Ṣé o kò rí i ni?" ìyá mi béèrè.

Irọ́ ló jáde. Mo ní, "Ó wà ní Ṣàgámù, màámi. Ọjọ́ tí mo ń tún ibẹ̀ ṣe ni mo gbé e lọ pa mọ́, kí eku má baà jẹ ẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé nǹkan kan kò lè ṣe é lọ́wọ́ rẹ. Lọ gbé e wá lọ́la. Bí ìdájí bá kọjá, kò burú. Kí òjò kejì ṣáà má bá a lórí ilẹ̀." Bí òjò kejì bá rọ̀ kí a tó ṣí ọdún, oníkálùkù á máa gbin ohun tó bá wù ú ni, ọ̀rọ̀ náà á sì ti parí sí ìyá mi lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n fi lé Ìyá Kékeré jáde ni yóò kẹ́yìn òun náà. Àwọn tó yìn ín pé ó gba ilé là ni yóò sọ pé ọmọ rẹ̀ ló jẹ ilé run.

Mi ò rí oorun sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìpẹru, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo rò ó pé ó ṣáà bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ lọ sílé ọkọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀, kò sí ibi tí koríko lè gbà yọrí. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O lọ̀ ọ́? O fi ṣe ògì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pariwo. Tiyín dà?"

"Tèmi kẹ̀? Adìẹ ti jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí a ti ń kọ́lé yìí. Orí sìmẹ́ǹtì ni kí n gbìn ín sí?" Ó wò mí títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ ra àgbàdo lọ́jà. Bu eérú sí i. Ta ni yóò mọ̀?"

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ní ìyá tó gba ilé là yóò mọ irúgbìn rẹ̀ bó bá di ojú méjèèjì. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ mi ní èrú, ó sì bí mi sí ara mi tí mo fẹ́ gbà. Mo ti dìde kó tó sọ pé, "Ẹnì kan wà o. Mo rí i ní ọjà Òde Rẹ́mọ, ó ń ta àgbàdo. Ó ní inú irúgbìn ilé wa ló ti wá. Mi ò lè dúró, ojú ń tì mí."

"Ta ni?"

"Ìyá Kékeré."

Mo tún jókòó. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ bí kò ṣe láti fi bá ọmọdé tó ń jí ẹran nínú ìkòkò wí. Mo tún ń ronú ọmọ ọwọ́ tó gbé pọ̀n jáde, tó jẹ́ pé àbúrò mi ni, tí mi ò lè dá mọ̀ tí a bá pàdé nínú takisí.

Kò ṣòro láti rí ilé rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ. Obìnrin arúgbó kan jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí, ara rẹ̀ gbẹ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ìwọ lo máa ń bá mi sùn lórí ẹní," ó ní. "Ibà rẹ kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́dún náà. Ṣé ìyá rẹ ló rán ọ wá?"

"Rárá o, màámi. Mo wá tọrọ irúgbìn ni."

Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún un, mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó ní, "Wọ́n lé mi nítorí mo jẹ irúgbìn, ẹni tó jẹ ẹ́ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ó wọlé, ó mú odidi àgbàdo méjì jáde, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́.

Àgbàdo náà pọ́n. Ó pọ́n bí epo tí kò tíì rí iná.

Mo wò ó, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Eléyìí kọ́. Funfun ni tiwa."

"Funfun?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú."

Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. "Irúgbìn ilé bàbá rẹ, pupa ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú fún ìyá tó bí mi, lọ́dún tí mo wọlé bí ìyàwó. Inú oko ìyá mi ni mo wá bá a nígbà tí wọ́n lé mi dé. Láti ọjọ́ náà, tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, mo ń bọ́ bàtà, mo ń ṣí ọdún. Mo gbin tọdún yìí láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo ń ké pé ilẹ̀ mu omi, èmi náà ni mo ń dá ara mi lóhùn."

Obìnrin tí wọ́n ní ó ba àṣà jẹ́, òun nìkan ló kù tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Mo bi í léèrè ibi tí funfun tiwa ti wá.

"Ìyá rẹ mọ̀," ó ní. "Má sọ pé èmi ni mo fún ọ. Ṣáà kó o sí i lọ́wọ́."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé Ìrolú. Ọjọ́ ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́, ọ̀run ti tún ń ṣú lápá Ìkẹ́nnẹ́. Ìyá mi wà níwájú ilé, ìyàwó àbúrò mi dúró tì í pẹ̀lú báàfù omi òjò, ó ti wọ aṣọ tó dára, àwọn ọmọ ilé ń sáré yí wọn ká. Mo ti hó àgbàdo náà sínú àpò mi lójú ọ̀nà. Mo kó ẹ̀kúnwọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi.

Ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́. Ó gbé ọwọ́ sún mọ́ ojú, ó fi ìka rò ó, ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Ó ṣì wà láyé?" ó ní.

"Ó wà láyé, màámi."

Ó ń fi àtàǹpàkò yí hóró náà ká. Ó wá ní, "Kò jẹ ẹ́."

Ìyàwó àbúrò mi ní, "Mọ́mì, ta ni kò jẹ kí ni?"

"Ìyàwó mi kò jẹ irúgbìn. Èmi ni mo sè é." Ó sọ ọ́ níṣojú àwọn ọmọ, níṣojú ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá kọjú sí mi. "Òjò pẹ́ lọ́dún náà. Ibà dá ọ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, o ò jẹ, o ò mu. Lọ́jọ́ kẹsàn-án o lajú, o ní àgbàdo lo fẹ́ jẹ. Kò sí hóró kan nínú ilé àfi inú igbá yẹn. Mo ní kí n mú díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì o tún béèrè. Nígbà tí bàbá rẹ ṣí igbá, tó ń béèrè, mo la ẹnu láti jẹ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ló bọ́ jáde. Ó ti bọ́, mi ò lè kó o padà."

"Irúgbìn tí ẹ lọ tọrọ ńkọ́?"

"Ọjà Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti rà á. Mo sọ fún àwọn tó kù pé ilẹ̀ abúlé ló sọ ọ́ di funfun. Bàbá rẹ náà rí i pé funfun ni. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ti lé ìyàwó rẹ̀ lọ tán. Kò sọ nǹkan kan títí tó fi kú."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ènìyàn ń sọ sí irú èyí? Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Mo fẹ́ bi í bó ṣe gba ìyìn yẹn lọ́dọọdún, tó ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi kí n tó rántí pé èmi ni ó sè é fún. Èmi ni mo jẹ ẹ́ tí mo fi yè. Ọ̀rọ̀ náà padà sínú mi, ó dúró síbẹ̀ bí egungun ẹja. Mo wá jẹ́wọ́ tèmi náà, mo ní mo ti fi èyí tó wà nínú ike ọ̀dà ṣínu. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọdé.

"Àgbàdo ọjà lo fi ṣínu. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀."

Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ rántí ojú ọ̀run. Ó ní, "Mọ́mì, òjò ti ń bọ̀. Ojúlówó ti dé, ẹ jẹ́ ká gbìn ín. Ilẹ̀ kò mọ ẹni tó mú un wá."

Ìyá mi pa ọwọ́ rẹ̀ dé lórí hóró náà. "Ilẹ̀ lè má mọ̀. Ọwọ́ tèmi kọ́ ni yóò gbìn ín. Ẹ bá mi pe kẹ̀kẹ́."

A bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìyàwó àbúrò mi sunkún, mi ò sì bá a wí, nítorí ó ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti wọṣọ, ohun tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ ń lọ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló di ìyá mi mú nínú kẹ̀kẹ́, èmi jókòó tì í lápá kejì. Obìnrin tí kì í lè rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò láìdúró, ó jókòó ṣinṣin dé Òde Rẹ́mọ, ọwọ́ rẹ̀ dì pinpin. Lójú ọ̀nà ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ ọwọ́ ìgbà náà yè. Mo ní mi ò béèrè. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn sì bò mí.

Ìyá Kékeré ń kó ẹ̀gúsí rẹ̀ wọlé nígbà tí a dé. Atẹ́gùn òjò ti dé. Ó rí wa, ó gbé àtẹ sílẹ̀, kò wá pàdé wa. Ìyá mi ní kí a fi òun sílẹ̀. Ó rìn dé iwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Mo ti lọ́jọ́ lórí, mi ò tíì rí ìyálé tó kúnlẹ̀ fún ìyàwó rí. Ìyàwó àbúrò mi gbá mi lápá mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Ìyálé mi, ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

"N kò ní dìde. Èmi ni mo sè é, mo sì fi sí ọ lọ́rùn." Ó na ọwọ́, ó ṣí i, hóró pupa wà níbẹ̀, òógùn ti mú un rin. "Ibà ọmọ mi ni. Ó fẹ́ kú."

Ìyá Kékeré kò gba hóró náà. Ẹ̀kán òjò ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sórí páànù, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ṣí kúrò.

"Èwo nínú wọn?" ó béèrè.

Ìyá mi nawọ́ sí mi. Ìyá Kékeré yí ojú sí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, èmi àgbà obìnrin ọlọ́mọ, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde lórí ẹní àìsàn.

Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ìyálé mi. Èmi náà ì bá bá yín dáná sí i."

Ìyá mi fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo lọ kúnlẹ̀ tì í nínú òjò. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, mi ò mọ ẹni tí n bá kọ́kọ́ bẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.